Ẹni Tó Kó Ilé, Kó Wí

Ọmọ ọ̀kan nínú wa tó wà ní Amẹ́ríkà kó lọ sí ilé mìíràn. Ó sọ fún ilé ìfìwéránṣẹ́, ó rò pé ó parí. Àṣé ilé àtijọ́ ni ìwé ìmígíréṣọ̀n rẹ̀ ń lọ! Ìwé tí wọ́n fi pè é wá fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò kò tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Ẹni tí kò bá sì jẹ́ ìpè, wọ́n lè sọ pé ó ti pa ìwé tó kọ tì.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kìlọ̀ fún àwọn ọmọ yín. Òfin ibẹ̀ ni pé kí ọ̀pọ̀ àlejò tó bá kó ilé sọ fún ìmígíréṣọ̀n fúnra wọn láàárín ọjọ́ 10. Fọ́ọ̀mù AR-11 ni, ọ̀fẹ́ ni pẹ̀lú. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi falẹ̀ o.