Ṣé ọmọ tí wọn ò tíì bí máa ń fọwọ́ síwèé?

Ọjọ́ Sátidé tó kọjá ni wọ́n pè wá sí ìpàdé ẹbí. Ẹnì kan fẹ́ ra ilẹ̀ kan ṣoṣo tó ṣẹ́ kù fún wa, owó tó fẹ́ san sì pọ̀, mi ò ní parọ́ fún yín. Bàbá tó jẹ́ olórí ẹbí ní kí àwa tí a dúró fún ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan fọwọ́ síwèé. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, àwọn ọmọ tó ń bọ̀ lẹ́yìn ńkọ́?" Àbúrò mi kan bú sẹ́rìn-ín: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ọmọ tí wọn ò tíì bí máa ń fọwọ́ síwèé ni?"

Ní 1912, Ẹlẹ́sì ti Òdògbólú ṣàlàyé fún ìgbìmọ̀ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé kalẹ̀ pé òkú, alààyè àti ọmọ tí a kò tíì bí ló jọ ni ilẹ̀. Alágbàtọ́ lásán ni olórí ẹbí. Títí dòní, tó bá dá ilẹ̀ tà láìjẹ́ pé àwọn àgbà ẹ̀ka gbà, ilé ẹjọ́ lè wọ́gi lé e. Ṣùgbọ́n tí gbogbo wọn bá ti gbà, ó ti tán nìyẹn. Kò sẹ́ni tó ń gbẹnu sọ fún ọmọ ọ̀la.

Ti ìjọba wá ńkọ́? Abala 20 ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 ní kí ìjọba dáàbò bo omi, afẹ́fẹ́, ilẹ̀ àti igbó. Ó dùn létí, àbí? Abala 6(6)(c) ló wá gba eyín ẹnu rẹ̀: òun nìkan ò tó gbé ìjọba lọ sílé ẹjọ́, àfi tí òfin mìíràn bá tì í lẹ́yìn.

Ní Jámánì, abala 20a ni tiwọn, láti 1994, ó sì dárúkọ ìran tó ń bọ̀. Àwọn ọ̀dọ́ gbé ìjọba lọ sílé ẹjọ́ lórí òfin ojú ọjọ́. Ní oṣù kẹta 2021, ilé ẹjọ́ ní òfin náà ti di ẹrù tó wúwo jù sílẹ̀ de ẹ̀yìn 2030, orí àwọn ọ̀dọ́ yìí ló sì máa já lé. Lọ́dún yẹn náà ni ìjọba tún òfin ṣe: àdínkù èéfín tí wọ́n fẹ́ ṣe kí 2030 tó dé kúrò ní ìdá 55 nínú ọgọ́rùn-ún, ó di 65.

Ẹ kíyè sí i o: àwọn alààyè ló pẹjọ́. Ilé ẹjọ́ ò sọ pé ọmọ tí a kò tíì bí lè pẹjọ́. Ó ní ojúṣe sí wọn wà lọ́rùn ìjọba.

Ìwé ilẹ̀ yẹn ṣì wà lórí tábìlì mi. Ẹ̀ka tèmi nìkan ni kò tíì fọwọ́ sí i. Bàbá ti pè mí lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀ yìí.