Nígbà tí oògùn jẹjẹrẹ bá gba okun ọkùnrin

Láti Kétu dé Ìpóbẹ̀, láti Ìpóbẹ̀ dé Sakété, àwọn àgbà ọkùnrin kì í fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ohun tó ń ṣe wọ́n nísàlẹ̀ ara. Ẹni tó ń dìde lẹ́ẹ̀mẹrin lóru láti tọ̀ a máa sọ pé ọjọ́ orí ni. Ẹni tí ìtọ̀ rẹ̀ ń kán díẹ̀díẹ̀ a máa sọ pé òtútù ló mú òun. Nígbà tí àyẹ̀wò bá wá fi hàn pé jẹjẹrẹ ni, tí dókítà sì bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú, ìdákẹ́jẹ́ mìíràn tún máa ń bẹ̀rẹ̀. Ara ọkùnrin náà á máa gbóná lójijì. Ọmú rẹ̀ á máa wú, á sì máa dùn ún. Kò ní lè bá ìyàwó rẹ̀ lò pọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. Kò sì ní sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ìdákẹ́jẹ́ kejì yìí léwu. Ẹni tí kò mọ ibi tí ìyípadà náà ti wá lè rò pé ọ̀tá ló ń bá òun jà, tàbí pé ìtọ́jú náà ló fẹ́ pa òun. Ó lè ṣíwọ́ abẹ́rẹ́ láìsọ fún dókítà. Bẹ́ẹ̀ sì ni ohun tó ń ṣe é kì í ṣe àdììtú. Oògùn náà ló fà á. A mọ ọ̀nà tó gbà fà á, a sì mọ ohun tí a lè ṣe sí púpọ̀ nínú rẹ̀.

Iṣẹ́ tí oògùn náà ń ṣe

Pròsítáàtì jẹ́ ẹ̀yà ara kékeré kan tó wà lábẹ́ àpò ìtọ̀. Ọ̀nà tí ìtọ̀ ń gbà jáde la àárín rẹ̀ kọjá. Omi tó ń ti inú rẹ̀ jáde ń dà pọ̀ mọ́ àtọ̀. Ọkùnrin nìkan ló ní i. Jẹjẹrẹ tó ń mú un wà lára àwọn jẹjẹrẹ tó wọ́pọ̀ jù lọ láàárín àwọn ọkùnrin ní orílẹ̀-èdè Benin àti ní gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà.

Ohun kan wà tó ń bọ́ jẹjẹrẹ yìí. Orúkọ rẹ̀ ni testosterone. Họ́mọ̀nù ni, èyí ni pé ara fúnra rẹ̀ ló ń pèsè rẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ sì ń gbé e kiri láti rán àwọn ẹ̀yà ara níṣẹ́. Kórópọ̀n ló ń pèsè èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Òun ló ń mú kí irùngbọ̀n hù, tó ń mú kí iṣan le, tó sì ń fún ọkùnrin ní ìfẹ́ sí obìnrin. Òun náà ni jẹjẹrẹ pròsítáàtì ń jẹ dàgbà.

Ní ọdún 1941, ní ìlú Chicago ní Amẹ́ríkà, dókítà kan tó ń jẹ́ Charles Huggins àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ fi hàn pé bí a bá dí orísun họ́mọ̀nù yìí, ọwọ́ jẹjẹrẹ náà á rọ̀, kódà bí ó bá ti tàn dé inú eegun. Iṣẹ́ yìí ló mú kí ó gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1966. Ní ayé ìgbà náà, wọ́n ń yọ kórópọ̀n ni, tàbí kí wọ́n fún aláìsàn ní họ́mọ̀nù obìnrin. Ní nǹkan bí ọdún 1971, Andrew Schally àti Roger Guillemin, tí olúkúlùkù wọn ń ṣe ìwádìí tirẹ̀, ṣàwárí bí iṣẹ́ tí ọpọlọ ń rán ṣe rí, èyí tó ń mú kí kórópọ̀n ṣiṣẹ́. Àwọn náà wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1977. Láti inú ìmọ̀ yìí ni abẹ́rẹ́ òde òní ti jáde.

Lára àwọn abẹ́rẹ́ náà ni goserelin, leuprorelin àti triptorelin. Irú èyí tó wọ́pọ̀ nínú goserelin, abẹ́ awọ ikùn ni wọ́n ń fi sí ní ọjọ́ 28 síra wọn. Òmíràn wà tó jẹ́ oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Oògùn oníhóró náà wà, bíi bicalutamide, tí ó ń dí testosterone lọ́nà kí ó má baà dé ibi tí jẹjẹrẹ wà. Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, iṣẹ́ abẹ ni wọ́n ṣì ń ṣe, nítorí pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a ń sanwó rẹ̀. Bóyá abẹ́rẹ́ ni o, bóyá iṣẹ́ abẹ ni o, testosterone á lọ sílẹ̀, ara á sì mọ̀ ọ́n lára.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́

Àwọn abẹ́rẹ́ tí a dárúkọ yìí kì í dí orísun lójú ẹsẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ máa ń mú kí testosterone pọ̀ sí i fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, kí ó tó wá lọ sílẹ̀. Ní àkókò yìí, eegun lè máa dun aláìsàn ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ìtọ̀ sì lè má fẹ́ jáde. Nítorí èyí ni dókítà fi máa ń fún un ní oògùn oníhóró ṣáájú abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́. Kò yẹ kí ó fi oògùn náà sílẹ̀ nílé láìlò ó.

Bí ẹsẹ̀ méjèèjì bá ń kú, tàbí tí ìtọ̀ bá dí pátápátá, kí ará ilé gbé e dé ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà gan-an. Ó lè jẹ́ pé jẹjẹrẹ ti tẹ iṣan ńlá tó gba inú eegun ẹ̀yìn kọjá. Bí wọ́n bá fi falẹ̀, ó lè má rìn mọ́.

Ohun tí ojú ara ń rí

Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni ooru òjijì. Ó ń ṣe ju ìdajì àwọn tó ń gba ìtọ́jú yìí lọ. Ooru náà á bẹ̀rẹ̀ láti àyà, á gun ọrùn dé ojú, òógùn á bò ó, lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ á sì lọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn á pè é ní ibà, wọn á sì lọ ra oògùn ibà. Ṣùgbọ́n ibà kì í lọ kíákíá bẹ́ẹ̀. Bí ara bá gbóná tí kò rọlẹ̀, tí orí ń fọ́ tí ara sì ń gbọ̀n, kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò ibà. Bí ó bá jẹ́ ooru oògùn ni, aṣọ òwú tó fẹ̀ dára fún un. Kí ó dín ata kù, kí ó dín sódábì kù. Bí ooru náà kò bá jẹ́ kí ó sùn, oògùn wà tí dókítà lè fún un.

Èkejì ni okun ọkùnrin. Ìfẹ́ láti bá obìnrin lò pọ̀ á dín kù tàbí kí ó lọ pátápátá. Nǹkan ọkùnrin lè má dìde mọ́. Ohùn rẹ̀ kò ní yí padà o, kò sì ní di obìnrin. Ṣùgbọ́n irun ara lè dín kù, kórópọ̀n lè kéré sí i, ọmú sì lè wú. Ọmú wíwú wọ́pọ̀ gan-an fún àwọn tó ń lo bicalutamide nìkan. Bí wọ́n bá tètè sọ, ohun tí a lè ṣe wà.

Ẹ̀kẹta kò hàn sójú, bẹ́ẹ̀ ni ó burú ju èyí tó hàn lọ. Eegun máa ń fúyẹ́ díẹ̀díẹ̀, ó sì lè kán bí ènìyàn bá ṣubú lásán. Ní agbègbè tí ọ̀pẹ pọ̀ tó báyìí, kò yẹ kí ẹni tó ń gba abẹ́rẹ́ yìí gun ọ̀pẹ mọ́. Kí ó máa jẹ wàrà àwọn Fúlàní, àti ẹja wẹ́wẹ́ tí a ń rún teegun teegun. Kí ó máa rìn lójoojúmọ́. Sìgá àti sódábì ń ba eegun jẹ́.

Ẹ̀kẹrin, iṣan ń dín kù, ọ̀rá ikùn sì ń pọ̀. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ lè ga, ọkàn sì lè ní ìpalára. Ní ọdún 2010, àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà pàṣẹ pé kí àwọn tó ń ṣe abẹ́rẹ́ wọ̀nyí kọ ìkìlọ̀ nípa àtọ̀gbẹ àti àrùn ọkàn sára ìwé oògùn wọn. Nítorí náà, ẹni tó ti ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àtọ̀gbẹ tẹ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ ọ́ kí abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ tó wọlé.

Ẹ̀karùn-ún ni àárẹ̀ àti ìbànújẹ́. Akíkanjú ọkùnrin lè máa jókòó síbi kan láti àárọ̀, kí inú máa bí i lórí ohun tí kò tó nǹkan. Kì í ṣe ọ̀lẹ. Rírìn, iṣẹ́ oko tí kò wúwo àti ọ̀rọ̀ pẹ̀lú ará ilé ń dín àárẹ̀ náà kù.

Kì í ṣe iṣẹ́ ayé

Nínú ilé tí ìyàwó ju ẹyọ kan lọ, ọ̀rọ̀ yìí lè di ìjà. Èkíní á rò pé ọ̀dọ̀ èkejì ni ọkọ ń sùn. Èkejì náà á rò bẹ́ẹ̀. Ọkọ fúnra rẹ̀ á máa fura pé ẹnì kan ti fi nǹkan ṣe òun, á sì máa ná owó abẹ́rẹ́ fún ẹni tó ní òun yóò tú u. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ó dára kí àwọn ìyàwó bá a dé ọ̀dọ̀ dókítà, kí wọ́n gbọ́ ọ láti ẹnu rẹ̀ pé oògùn ló gba okun yìí, pé ohun tí a retí ni.

Oògùn alẹ́ tí a ń tà lọ́jà kò lè dá testosterone tí abẹ́rẹ́ ti dí padà. Èyí tí a kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ sì lè ba ọkàn jẹ́. Bákan náà ni àgbo: ẹni tó ń lo bicalutamide gbọ́dọ̀ sọ àgbo tó ń mu fún dókítà, nítorí pé oògùn náà lè pa ẹ̀dọ̀ lára. Bí ojú bá pọ́n bí òféfèé, tí ìtọ̀ sì dúdú, kí ó má ṣe dúró de ọjọ́ ìpàdé.

Kí a má dá ìtọ́jú dúró

Ọ̀nà jìn, owó sì ṣòro. Láti Kétu dé ilé ìwòsàn ńlá Hubert Koutoukou Maga ní Kútọnu ju 100 kìlómítà lọ. Ẹni tí ara rẹ̀ ti fúyẹ́, tí ìrora ti lọ, lè bi ara rẹ̀ pé kí ni òun tún ń wá lọ. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ náà kì í pa jẹjẹrẹ tó ti tàn tán. Ó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ni. Bí a bá dá a dúró, testosterone á padà, jẹjẹrẹ náà á sì tún rí oúnjẹ. Lóòótọ́, àwọn dókítà máa ń fún àwọn aláìsàn kan ní ìsinmi. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń yẹ̀ wò, pẹ̀lú àyẹ̀wò tí à ń pè ní PSA, kí wọ́n tó ṣe bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe ohun tí aláìsàn ń dá ṣe.

Àìsàn yìí kì í ṣe ìtìjú. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2014, Wole Soyinka, ọmọ Abẹ́òkúta tó gba ẹ̀bùn Nobel, sọ ní gbangba pé jẹjẹrẹ pròsítáàtì mú òun, pé òun sì gba ìtọ́jú. Ní ọdún 2024, ó pé ẹni 90 ọdún. Bíṣọ́ọ̀bù Desmond Tutu ti South Africa, tí wọ́n rí jẹjẹrẹ kan náà lára rẹ̀ ní ọdún 1997, gbé ayé títí di oṣù kejìlá ọdún 2021.

Nínú ilé tí ẹnì kan bá ti mọ̀wé kọ, ìwé kékeré kan àti kálámù lè ran ìtọ́jú yìí lọ́wọ́. Kí ó kọ ọjọ́ tí abẹ́rẹ́ wọlé àti ọjọ́ tí òmíràn yóò pé: abẹ́rẹ́ ọlọ́jọ́ 28 tí wọ́n gbà ní ọjọ́ 3 oṣù kẹta, ọjọ́ 31 oṣù kẹta ni òmíràn. Kí ó kọ iye ìgbà tí ooru dé lóru, bí ara ṣe wúwo sí, àti ibi tí eegun ti ń dun ni. Ohun tí ó ń ti àgbà lójú láti fẹnu sọ, ó lè kọ ọ́ síbẹ̀ pẹ̀lú, kí ó sì na ìwé náà sí dókítà.