Módẹ́lì omi lórí òkè gbígbẹ: ìgbà wo ni ká gbà á gbọ́?

Vóìsì ọjọ́ Sátidé ni mo tẹ̀ sílẹ̀ yìí, torí àwọn tí dátà wọn kò gbé e. Ẹnì kan ló béèrè pé áápù ní odò àdúgbò òun kò séwu, ṣé òun lè tọ́jú ẹrù sílẹ̀ẹ́lẹ̀ sọ́ọ̀bù? Mo ní ó dá lórí ibi tí odò yẹn ti ń ṣàn bọ̀.

Ìṣirò ni módẹ́lì yìí. Wọ́n á fi iye òjò, bí ilẹ̀ ṣe da gẹ̀rẹ́ tó, àti irú erùpẹ̀ tó wà níbẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, òun á ní omi báyìí ló máa dé odò, ní àkókò báyìí. Wọ́n á wá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí odò ti ṣe láwọn ọdún tó kọjá, wọ́n á máa tún un ṣe títí á fi bára mu. Bí ẹni tó ń ta àwìn ni. Oníbàárà tó ti ń rajà lọ́wọ́ rẹ fún ọdún mẹ́wàá, o mọ ìgbà tó máa ń sanwó. Ọya àti Bẹ́núè, oníbàárà àtijọ́ nìyẹn. Odò orí òkè gbígbẹ, ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ló ń yà sí sọ́ọ̀bù, kì í sì í sọ orúkọ.

Ẹ wo òjò fúnra rẹ̀. Lórí òkè tó gbẹ, kì í rọ̀ kárí. Ó lè ya lu òkè kan, kí òkè tó kọjú sí i má rí ẹ̀kán. Bó bá jẹ́ orí òkè kejì yẹn ni òṣùwọ̀n òjò wà, ohun tí módẹ́lì máa gbọ́ ni pé òjò kò rọ̀. Òṣùwọ̀n sì ṣọ̀wọ́n níbẹ̀, ta ló máa gun àpáta lọ kà á lójoojúmọ́? Sátẹ́láìtì ń ràn wọ́n lọ́wọ́ lóòótọ́, àmọ́ ojú ló fi ń díwọ̀n, ó sì máa ń ṣì í gan-an lórí òkè.

Ó tún ku ilẹ̀. Ilẹ̀ tó ti gbẹ fún oṣù méje máa ń le lójú. Òjò líle bá dé, kì í ráyè mu ún, àgbàrá ló ń dà. Nísàlẹ̀ wàyí, bí omi náà bá bọ́ sójú odò tó jẹ́ yanrìn gbígbẹ, yanrìn á mu nínú rẹ̀, nígbà mìíràn á mu ún tán kó tó dé ìlú. Nítorí náà òjò kan náà lè máà dé ìlú rárá, ó sì lè dé bí ògiri. Kí módẹ́lì ṣi yanrìn yẹn díẹ̀, èsì yí padà nìyẹn.

Èyí tó wá ń ká mi lára jù: odò tó gbẹ fún 350 ọjọ́ lọ́dún, módẹ́lì tó bá kàn ń sọ pé “kò sí omi” lójoojúmọ́ á gba máàkì 350 nínú 365. Wọ́n á ní ó gbówọ́. Ọjọ́ 15 tó kù ni èmi àti ìwọ ń bẹ̀rù! Ọjọ́ tí omi ńlá bá sì dé, ó lè wọ́ irin tí wọ́n fi ń wọn odò lọ, ìyẹn ni pé ọjọ́ tó burú jù kò ní àkọsílẹ̀.

Ẹ rántí Derna ní Líbíà. Ìlú etí òkun ni, lẹ́sẹ̀ òkè Jebel Akhdar. Àfonífojì tó máa ń gbẹ lọ́pọ̀ ìgbà ló gba àárín rẹ̀ kọjá. Ní 10 September 2023, ìjì tí wọ́n pè ní Daniel dé, lóṣù tí òjò kì í fi bẹ́ẹ̀ rọ̀ níbẹ̀. Ní Al-Bayda, lórí òkè kan náà, òjò mílímítà 414 rọ̀ láàárín wákàtí 24. Ká ní ó dúró lójú kan, ó máa fẹ́rẹ̀ẹ́ dé orúnkún àgbàlagbà. Dáàmù méjì ló wà lójú àfonífojì náà, ti òkè gba mílíọ̀nù mítà kúbíkì 22.5, ti ìsàlẹ̀ 1.5. Ti òkè já, ó gbé ti ìsàlẹ̀ lọ lóru, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn sì bá a lọ. Bẹ́ẹ̀ ọ̀mọ̀wé kan ní Yunifásítì Omar Al-Mukhtar, Abdelwanees Ashoor, ti kọ ọ́ sílẹ̀ ní 2022 pé bí omi bíi ti 1959 bá tún wá, ó ṣeé ṣe kí apá dáàmù wọ̀nyẹn má ká a. Ìṣirò lòun náà lò o. Kò bi módẹ́lì pé ṣé ọ̀la á dára. Ó bi í pé bí èyí tó burú bá dé, kí ló máa ṣẹlẹ̀? Lójú tèmi, ìbéèrè yẹn ni módẹ́lì wúlò fún jù lórí òkè gbígbẹ.

Ọdún kan géérégé lẹ́yìn rẹ̀, 10 September 2024, ni omi dáàmù Alau wọ Maiduguri. Ká má pa méjèèjì pọ̀: dáàmù tó já lọ̀rọ̀ Alau, n kò sọ pé módẹ́lì ló fà á. Àmọ́ odò Ngadda tó ń kún un, lára omi rẹ̀ ti Yedseram wá, Yedseram sì ń sọ̀kalẹ̀ láti òkè Mandara lápá Mubi, ó ń gba Sambisa. Ta ló ń lọ ka òṣùwọ̀n ní Sambisa?

Nítorí náà, bí ìkìlọ̀ bá ní omi ń bọ̀, ẹ gbà á gbọ́, ẹ gbé ẹrù sókè. Bí kò bá wá mọ́, owó alábàárù nìkan lẹ ná. Bó bá ní kò séwu, tí odò yín sì ti orí òkè gbígbẹ wá, ẹ kà á sí pé módẹ́lì kò gbọ́ nǹkan kan ni. Ẹni tó wà létí Bẹ́núè lè gbára lé e jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí omi ibẹ̀ máa ń fi ọjọ́ bíi mélòó kan rìn. Ti òkè, wákàtí díẹ̀ ni.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Mubi àti Michika, bí òjò bá ń ya lórí òkè lóru, ẹ ju vóìsì sórí gúrúùpù, ẹ má wò ó pé àwọn èèyàn ti sùn. N kò ní tì í mọ́ lálẹ́ láti August títí òjò fi máa lọ.