Bí Awakọ̀ Ṣe Lè Mọ Iye Eré Tí Ó Ń Sá

Bí a bá bi awakọ̀ léèrè iye eré tí ó ń sá, mítà iwájú rẹ̀ ni yóò nàka sí, a ó sì gbà pé ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Nínú àlàyé mi yìí, mo fẹ́ fi hàn pé ẹ̀rí mítà yẹn nílò ẹlẹ́rìí kejì.

Mítà kì í wo ojú títì. Iye ìgbà tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ń yí ni ó ń ṣírò. Irú èyí tí Otto Schulze gba ìwé-àṣẹ lé lórí ní ilẹ̀ Jámánì ní ọdún 1902 ń lo irin òòfà tí okùn onírin ń yí. Òòfà náà a máa fa abọ́ kékeré kan lọ, sípíríǹgì a máa fà á bọ̀, ibi tí agbára méjèèjì bá ti dọ́gba ni ọwọ́ mítà ń dúró sí. Ọkọ̀ òde òní ń lo iná mànàmáná dípò okùn, ṣùgbọ́n yíyí ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà ni ó ṣì ń kà.

Ẹni tí ó ṣe ọkọ̀ ti ní ìwọ̀n táyà kan lọ́kàn kí ó tó to nọ́ńbà sójú mítà. Ẹ jẹ́ kí á wá rò ó pé awakọ̀ ra táyà tòkunbọ̀ tí ó fi ìdá kan nínú mẹ́wàá ga ju ti àkọ́kọ́ lọ. Bí mítà náà tilẹ̀ péye láti ilé-iṣẹ́, nígbà tí ó bá ń pe 100 kìlómítà ní wákàtí kan, 110 ni ọkọ̀ ń sá. (Táyà tí ó ti jẹ a máa ṣe òdìkejì, ṣùgbọ́n èyí kò sọ ọ́ di táyà rere.) Ẹ má ṣe fojú kéré mẹ́wàá yìí. Bí bíréèkì bá ń dá ọkọ̀ dúró láàárín 200 ẹsẹ̀ bàtà nígbà tí eré jẹ́ 100, 242 ni yóò gbà á nígbà tí eré bá di 110. Ọmọdé tí ń sọdá títì lè wà láàárín 42 tí ó lé yẹn.

Ẹlẹ́rìí tí mo fẹ́ràn jù ni òkúta kìlómítà etí títì àti aago ọwọ́. Kí awakọ̀ di eré rẹ̀ mú sójú kan, kí ẹni tí ó jókòó tì í, kì í ṣe awakọ̀ fúnra rẹ̀, ka ìṣẹ́jú-àáyá láti òkúta kan dé èkejì, kí ó sì fi iye náà pín 3600. Bí ó bá ka 45, eré náà jẹ́ 80. Bí ó bá ka 36, ó jẹ́ 100. Àṣìṣe ìṣẹ́jú-àáyá kan nínú 36 lè mú ìdáhùn yẹ̀ tó nǹkan bí kìlómítà mẹ́ta. Nítorí náà, ó sàn kí a wọn kìlómítà márùn-ún pọ̀, kí a fi ìṣẹ́jú-àáyá rẹ̀ pín 18000; àṣìṣe kan náà yóò wá kù sí nǹkan bí ìdajì kìlómítà. Fóònù alágbèéká tí ń gba àmì sátẹ́láìtì náà lè jẹ́rìí, nítorí kò bá táyà ṣe rárá.

Ojú àti etí ni kí a má fi ṣe ẹlẹ́rìí. Ẹni tí ó ti fi 100 sáré pẹ́ lórí òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, tí a ṣí ní 1978, yóò rò pé òun ń rákò ni bí ó bá wọ ìgboro ní 70. Bẹ́ẹ̀, 50 ni òfin ìrìnnà wa fi ṣe òpin fún ọkọ̀ kékeré láàárín ìlú.

Bí a bá ti rí ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín mítà àti òkúta, kí a kọ ọ́ sórí ìwé pélébé kan, kí a sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ mítà. Ọjọ́ tí a bá pààrọ̀ táyà, ìwé yẹn ti di asán. A ó tún òkúta kà.