Tíṣà ló bẹ̀rẹ̀ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, ẹ kó àwọn ọmọ lọ

Tí ilé ìwé kan ní Fìdítì bá fẹ́ kó àwọn ọmọ jáde, ọgbà ẹranko Yunifásítì Ìbàdàn ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. Kò burú, ta ni kò fẹ́ rí kìnnìún? Ṣùgbọ́n mọ́tò kan náà tó gba Mọ́níyà wọ Ìbàdàn lè gbé wọn dé Aléṣinlóyè, níbi tí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba àpapọ̀ wà.

Àwọn òbí kan gbà pé ibi tí òyìnbó àti ọ̀mọ̀wé ń lọ nìyẹn. Irọ́ ni. Láàárín tíṣà àti ọmọ ilé ìwé ni irú ilé yìí ti ṣẹ̀ ní Nàìjíríà.

Àìná Ọnàbólú ń kọ́ àwọn ọmọ Èkó ní àwòrán yíyà, iṣẹ́ sì pọ̀ jù fún un, ló bá ń rọ ìjọba amúnisìn pé kí wọ́n wá ẹlòmíràn kún òun. Ní 1927, Kenneth Murray dé láti Ìlú Ọba. Ben Enwonwu, tó di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká lẹ́yìn náà, wà lára àwọn tó kọ́. Ní 1937, Murray kó iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ márùn-ún lọ pàtẹ ní Lọ́ńdọ̀nù. Bó ṣe ń kiri ìlú, ó ń rí i pé àwọn ère àtijọ́ ń bọ́ sọ́wọ́ oníṣòwò. Ó yọ ìjọba lẹ́nu títí wọ́n fi dá iléeṣẹ́ tó ń bójú tó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé sílẹ̀ ní 1943, òun náà ni wọ́n sì fi síbẹ̀.

Èyí tó ṣẹlẹ̀ ní Ẹ̀sìẹ́, ní Kwara òde òní, tún ya ni lẹ́nu. Ère òkúta tó lé ní 800 wà nínú igbó níbẹ̀. Àwọn ará ìlú ti mọ̀ wọ́n tipẹ́. Wọ́n ní àlejò ni àwọn ère náà kí wọ́n tó di òkúta. Ramshay, alábẹ̀wò ilé ìwé fún ìjọ CMS, ló ròyìn wọn síta ní 1933. Ilé tí wọ́n kọ́ fún wọn ní 1945 ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Jọ́ọ̀sì tẹ̀lé e ní 1952, Ilé-Ifẹ̀ ní 1954, Oníkàn l'Ékòó ní 1957.

Kì í ṣe owó mọ́tò nìkan ló ń dá ọ̀pọ̀ òbí dúró. Ẹ̀rù òrìṣà ń bà wọ́n, àti Onígbàgbọ́ àti Mùsùlùmí: ṣé kí n fẹsẹ̀ ara mi mú ọmọ lọ síbi ère? N kò fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n wíwò kì í ṣe bíbọ. Ẹ wo ère ìbejì. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, wọn a gbẹ́ ère rẹ̀ fún ìyá. Ìyá á máa wẹ̀ ẹ́, á máa fi osùn pa á lára, á máa fún un lóúnjẹ bó ṣe ń fún èyí tó wà láyé. Wíwẹ̀ yẹn, láti ọdún dé ọdún, ló ń mú kí imú ère dán, tí ilà ojú rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ pa rẹ́. Ẹ bi ọmọ ọdún mẹ́jọ léèrè ohun tó jẹ imú ère náà. Kò ní pẹ́ tí á fi mọ̀ pé ọwọ́ ìyá ni. Nínú gbogbo ohun tó wà nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, n kò mọ èyí tó tètè ń yé ọmọdé tó o.

Ohun tó ń ba ìrìn náà jẹ́ ni kí wọ́n kó ọgọ́ta ọmọ wọlé, kí wọ́n tò wọ́n bí ọmọ ogun, kí ẹnì kan sì máa sáré ka orúkọ nǹkan láti ẹnu ọ̀nà dé ẹ̀yìn. Nǹkan mẹ́ta tó fún wọn láti wò. Kí wọ́n jẹun kí wọ́n tó wọlé. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú bébà àti pẹ́ńsù dání, kó ya ohun tó wù ú, torí ọmọ tó ń yàwòrán kò lè sáré. Èdè òyìnbó ni wọ́n sábà fi ń kọ àlàyé sára ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, ìyẹn kò sì dára tó. Ẹ mú ìyá àgbà kan dání. Ẹni tó ti fi irú ìkòkò bẹ́ẹ̀ pọn omi rí mọ̀ ju pátákó lọ. Kí wọ́n tó lọ Ìbàdàn pàápàá, wọ́n lè kọ́kọ́ yà l'Ọ́yọ̀ọ́ wo àwọn afíngbá àti oníṣẹ́ awọ, kí wọ́n rí ọ̀bẹ lọ́wọ́ ẹni tó ń lò ó.

Ẹ̀yin ọ̀gá ilé ìwé ní Fìdítì, Ìlọ́rà, Awẹ́ àti Jọ́bẹlẹ̀, ẹ kọ lẹ́tà ṣáájú sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà, kí ẹ sọ iye ọmọ àti ọjọ́ orí wọn. Ọjọ́ 18 oṣù Karùn-ún ni àyájọ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé lágbàáyé, ṣùgbọ́n ẹ má dúró dè é. Ọjọ́ tí èrò kò pọ̀ ló dára jù fún ọmọdé.