Owó Ọkọ̀ Lọ Sí Ìpàdé Oníkọ̀ǹpútà: Ṣé Òfò Ni Àbí Èrè?

Ìyá kan tó ń ta aṣọ ló bi mí ní ìbéèrè kan. Ọmọ rẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ sọ́fúwià, ìyẹn ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣiṣẹ́. Ọmọ yìí ń tọrọ owó ọkọ̀ lọ sí ìpàdé ọdọọdún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ l'Ékòó. Màmá ní, "Ṣé wọn ò lè fi fóònù sọ ọ́ ni? Fàájì lásán ni!"

Ẹ dákun, ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìlú Las Vegas, l'Amẹ́ríkà, lóṣù kọkànlá ọdún 1982. Ìpàdé ńlá kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Comdex. Sheldon Adelson, ọmọ awakọ̀ takisí, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló dá a sílẹ̀ ní 1979. Ọdọọdún làwọn tó ń ṣe kọ̀ǹpútà, àwọn tó ń kọ sọ́fúwià àtàwọn tó ń tà á ń pàdé níbẹ̀ bí ọjà, kálukú pẹ̀lú ìsọ̀ tirẹ̀.

Lọ́dún tí mo wí yìí, Mitch Kapor gbé ọjà tuntun dé. Ọdún yẹn gan-an ni wọ́n dá ilé iṣẹ́ rẹ̀, Lotus, sílẹ̀. Orúkọ ọjà náà ni Lotus 1-2-3, ìwé ìṣirò owó inú kọ̀ǹpútà ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ro owó àjọ títí ilẹ̀ fi ṣú, tẹ́ ẹ wá rí i pé nọ́ńbà kan péré lẹ ṣì kọ lókè, tẹ́ ẹ sì ní láti tún gbogbo ẹ̀ rò, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ! Ti Lotus yìí, bẹ́ ẹ bá yí nọ́ńbà kan padà, gbogbo àròpọ̀ ìsàlẹ̀ á tún ara wọn ṣe lójú ẹsẹ̀. Ta ló lè fi lẹ́tà ṣàlàyé irú ẹ̀ kó yé èèyàn? Ojú làwọn oníṣòwò fi rí i. Oṣù kìíní 1983 ni títà bẹ̀rẹ̀, owó tó sì wọlé fún Lotus lọ́dún náà jẹ́ mílíọ̀nù dọ́là 53.

Ibi tó dùn jù nìyí o. Ní Comdex kan náà, ilé iṣẹ́ VisiCorp ń fi VisiOn han èèyàn, sọ́fúwià tó pín ojú kọ̀ǹpútà sí fèrèsé fèrèsé. Bill Gates ti Microsoft wà lára àwọn tó ń wòran. Àyà rẹ̀ já! Àwọn náà ti ń ṣe irú ẹ̀ nílé, àṣé ẹlòmíràn ti ń lọ níwájú. Ló bá ránṣẹ́ pe Charles Simonyi, ọ̀kan lára àwọn àgbà òṣìṣẹ́ rẹ̀, pé kó wá fojú ara rẹ̀ rí i. Oṣù kọkànlá 1983 ni wọ́n kéde Windows, ìyẹn fèrèsé. Ó di 1985 kó tó dé ọjà. Ká ní ó jókòó sílé ńkọ́?

VisiCorp tó kọ́kọ́ patẹ wá ńkọ́? Ìparí 1983 ni VisiOn tó jáde, ó wọ́n, kò sì tà. Èmi ò dá wọn lẹ́bi pé wọ́n lọ. Ọbẹ̀ tí kò tíì jinná ni wọ́n ṣí sílẹ̀ lójú àwọn tí wọ́n jọ ń tà.

Comdex ti kógbá sílé lẹ́yìn ti 2003, ṣùgbọ́n irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ kò tán. Lóṣù kẹjọ 2019, àwọn tó ń fi èdè kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ Python ṣiṣẹ́ nílẹ̀ Áfíríkà pàdé ní Accra, lórílẹ̀-èdè Gánà, wọ́n pè é ní PyCon Africa. Nírú ìpàdé yẹn, wọ́n máa ń ran àwọn kan tí kò lówó lọ́wọ́, bí wọ́n bá tètè kọ̀wé béèrè.

Màmá aláṣọ, ẹ fún un lówó ọkọ̀. Bó bá dé, ẹ má bi í pé kí ló jẹ níbẹ̀. Ẹ bi í pé iṣẹ́ ta ló rí, ta ló sì rí tirẹ̀.