Qigong: Ìbàlẹ̀ Ọkàn Tí À Ń Fi Pamọ́ Bí Owó Ẹgbẹ́

Ọ̀rọ̀ owó ni a sábà máa ń sọ nínú ìwé ìròyìn yìí, ṣùgbọ́n ìlera lọrọ̀. Nígbà tí àyípadà bá dé, bí ìfẹ̀yìntì, iṣẹ́ tí ó bọ́ tàbí ọjà tí kò tà mọ́, oorun ni ó kọ́kọ́ ń sá lọ. Ẹni tí àyà rẹ̀ ń já ni ó sì máa ń fi ìwàǹwára yá owó tí kò ní lè san. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ ṣàlàyé Qigong, eré ìdárayá kan láti ilẹ̀ Ṣáínà.

Kí ni Qigong?

Bí wọ́n ṣe ń pè é sún mọ́ “ṣì-gúǹ”. “Qi” ni èémí, tàbí agbára tí àwọn ará Ṣáínà gbà pé ó ń ṣàn káàkiri ara. “Gong” ni iṣẹ́ tí a ń ṣe lójoojúmọ́ títí ó fi mọ́ni lára. Ohun mẹ́ta ni ó pa pọ̀: kí ara máa rìn jẹ́jẹ́, kí èémí gùn, kí ọkàn sì wà lójú kan.

Àṣà náà ti pẹ́. Ní 1973, àwọn awalẹ̀ rí àwòrán orí aṣọ ṣẹ́dà kan nínú ibojì ní Mawangdui, ní ìlú Changsha. Àwọn ènìyàn tí ó lé ní 40 ni a yà síbẹ̀ tí wọ́n ń na ara. Ibojì náà ti lé ní 2,100 ọdún. Ṣùgbọ́n orúkọ Qigong kò tàn kálẹ̀ títí di àwọn ọdún 1950, nígbà tí Liu Guizhen, òṣìṣẹ́ ìjọba ní Hebei tí ó ti ní ọgbẹ́ inú, kọ́ àwọn aláìsàn ní ọ̀nà yìí, tí ó sì kọ ìwé lé e lórí ní 1957.

Ìgbà Àyípadà

Láàrin 1966 sí 1976, nígbà rògbòdìyàn Ìyípadà Àṣà ní Ṣáínà, wọ́n tẹ Qigong rì. Síbẹ̀, ní àwọn ọdún 1970, Guo Lin, obìnrin ayàwòrán tí ó ti ní àrùn jẹjẹrẹ, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ènìyàn ní gbangba ní Beijing. Lẹ́yìn náà ni ètò ọrọ̀ ajé yí padà. Ilé iṣẹ́ ìjọba tí ó ń fún òṣìṣẹ́ ní ilé àti ìtọ́jú kò lè ṣe é mọ́. Ní àwọn ọdún 1990, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ènìyàn. Láàárọ̀ kùtù, ọgbà ìgbafẹ́ a kún fún àwọn tí ń ṣe Qigong.

Àwọn kan wá sọ ara wọn di ọ̀gá, wọ́n ní àwọn lè wo gbogbo àrùn láì lo oògùn. Àwa tí a ń yẹ ìwé owó wò mọ irú ìlérí bẹ́ẹ̀: èlé ńlá tí ẹnikẹ́ni kò lè fi ibi tí ó ti wá hàn. Qigong kì í dá iṣẹ́ tí ó bọ́ padà, kì í sì í rọ́pò dókítà. Èémí gígùn a máa dẹ ìlùkìkì ọkàn, ìdúró a sì fẹsẹ̀ múlẹ̀ sí i. Ọkàn tí ó bá rọlẹ̀ ni ó ń rí ọ̀nà.

Bí A Ṣe Ń Bẹ̀rẹ̀

Èyí ni àkọ́kọ́ nínú ìṣe mẹ́jọ tí wọ́n ń pè ní Baduanjin:

1. Ẹ dúró, kí ẹsẹ̀ jìnnà síra bí ìbú èjìká. Ẹ dẹ orúnkún díẹ̀.
2. Ẹ fi ìka ọwọ́ méjèèjì há ara wọn níwájú ikùn.
3. Ẹ máa fa èémí sínú bí ẹ ti ń gbé ọwọ́ lọ sókè orí, kí àtẹ́lẹwọ́ kọjú sí ọ̀run. Ẹ nà dáadáa.
4. Ẹ mí jáde jẹ́jẹ́ bí ẹ ti ń sọ ọwọ́ kalẹ̀. Ẹ ṣe é ní ẹ̀ẹ̀mẹfà.

Bí òòyì bá ń kọ́ yín, ẹ jókòó. Aboyún àti ẹni tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru kí ó kọ́kọ́ bi dókítà, kí ó má sì dá oògùn rẹ̀ dúró.

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lójúmọ́ tó. Ẹni tí ó bá dúró di ọjọ́ ìṣòro kí ó tó bẹ̀rẹ̀ dà bí ẹni tí kò dá owó rí tí ó wá ń béèrè ẹ̀yáwó. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà: ẹ bẹ̀rẹ̀ nísinsìnyí tí ara ṣì le.